Ọmú Tí Kò Sí Mọ́ Ló Gbé Mi Dé Emùré

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé láti Ìkẹ́rẹ́ dé Emùré kì í ṣe ìrìn àjò, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé ọmú yín kan ná, kí ẹ wá wọ ọkọ̀ gba ọ̀nà náà. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo jáde nílé. Ìkùukùu ṣì bo òkè Olósùnta. Ọkọ mi, tó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá Ṣèyí, kí lo fẹ́ lọ ṣe ní Emùré ná?"

Mo ní mo fẹ́ lọ kí Màmá Délé kú ilé tuntun. Ilé tuntun náà ti jẹ òjò ọdún méjì. Ọkọ mi mọ̀, ṣùgbọ́n kò bi mí mọ́. Láti ìgbà tí mo ti ti iṣẹ́ abẹ dé, ọkùnrin yìí kì í béèrè nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Etí bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn, ó ń ṣọ́ra fún mi bí ẹni gbé àwo tánganran sílé.

Oṣù kẹjọ rè é tí wọ́n gé ọmú òsì mi ní ọsibítù ńlá kan ní Ìbàdàn. Wọ́n ṣe é dáadáa. Ojú àpá jinná, a ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ayé sì ti gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, àfi ọmú náà. Òun ò gbà pé òun ti lọ. Orí ọmú tí kò sí lára mi mọ́ ń yún mi, tí mo bá sì na ọwọ́ láti họ ọ́, òwú tí mo kì sínú kọ́sẹ́ẹ̀tì ni mò ń họ. Abẹ́ apá mi kú. Ẹ gún un lábẹ́rẹ́, n kò ní mọ̀. Awọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má fi aṣọ lásán kàn án, á máa jó mi bí ẹni fi ata pa á. Nígbà míì, nǹkan kan á ta mí láti àyà dé ìka ọwọ́, bí iná ẹlẹ́ńtíríìkì. Inú mi ì bá dùn sí ìyẹn, nítorí kò sí nínú wáyà ilé wa.

Dókítà sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi nígbà tó ń sáré kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn: nafu. Ó ní àwọn fọ́nrán tó ń gbé ìròyìn ara lọ sí ọpọlọ ni, àti pé èyí tí ọ̀bẹ kàn nínú wọn lè máa bínú fún ìgbà díẹ̀. N kò ráyè béèrè ibi tí ìgbà díẹ̀ parí sí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí mo ṣèèṣì sọ ti yíyún náà fún, ní tirẹ̀ mọ̀ ju dókítà lọ. Ó ní èèrà ló ń jẹ ọmú náà níbi tí wọ́n sin ín sí ní Ìbàdàn, kí n lọ gbà á wá sin sílé. Mo fojú inú wo ara mi níwájú ọsibítù, tí wọ́n kó ọmú jáde, tí wọ́n ní kí n mú tèmi.

Mò ń fi ṣe ẹ̀rín ni o. Ẹ̀rù ń bà mí. Ìrora tí kò lọ lóṣù kẹjọ, mo ti gbà lọ́kàn ara mi pé àìsàn náà ló padà wá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kí n padà lọ fara han dókítà, mo sì ti pinnu pé n kò ní lọ, nítorí ohun tí wọn ò bá rí, wọn ò ní gé e. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ sí mi létí pé Màmá Délé, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì sí Emùré, ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí láti ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Oǹdó, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í dárúkọ rẹ̀ níwájú rẹ̀. Obìnrin yẹn ni mo fẹ́ lọ bi: ṣé ikú ló ń dùn mí báyìí ni?

Ogún náírà ni láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ nígbà tí epo bá wà. Epo ò sí, ó di ọgbọ̀n, ọkọ̀ sì pẹ́ kó tó dé. Mo san ọgọ́ta kí n lè dá jókòó níwájú ọkọ̀ Píjò kan, kí ìgùnpá ẹnikẹ́ni má baà kàn mí. A ò tíì kúrò nígboro tí awakọ̀ fi dúró fún bàbá àgbẹ̀ kan.

Mo ní, "Awakọ̀, owó ẹni méjì ni mo san o."

"Mo mọ̀, Máàmi. Ẹ sún díẹ̀ fún bàbá, àgbàlagbà ni wọ́n."

Bàbá wọlé sí àárín wa, ẹ̀gbẹ́ òsì mi gan-an ló jókòó sí. "Ọmọ mi, kú ujókòó," ni ó wí. "Uṣu mẹ́ta péré lèmi gbé dání." Uṣu, ìyẹn iṣu ní ẹnu àwa ará Èkìtì, wá sùn sórí ẹsẹ̀ mi. Wọn ò dá owó mi padà.

Ọ̀nà náà kò tíì gbọ́ pé a ti di ìpínlẹ̀. Awakọ̀ ní kí a fọkàn balẹ̀, àwọn ọmọ wa ló wà nídìí ìjọba báyìí, wọn á tún un ṣe. Ó ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni a já sínú kòtò kan tí ìgùnpá bàbá fi bá àyà mi. Iná ta mí dé ìka. Mo ké.

Bàbá ní, "Kí ló ṣe ọ́, ọmọ mi? Ṣé ọwọ́ ni?"

Mo ní mo sùn lé e ni. Kí a tó dé Ìsẹ̀, mo ti gba òògùn mẹ́rin: òrí, omi gbígbóná, àdúrà orí òkè, àti ọtí tí awakọ̀ ní òun mọ ẹni tó ń tà á. Wọ́n wo ọwọ́ tí mo parọ́ mọ́ sàn pátápátá.

Ní Ìsẹ̀, mo ra àkàrà márùn-ún ní náírà mẹ́wàá. Ó tóbi ju ti Ìkẹ́rẹ́ lọ, ẹ má sọ fún wọn nílé pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ń gún iyán nílé oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, nǹkan tí àwa máa ń fi sílẹ̀ dìgbà tí oòrùn bá mú. Mo dúró wo obìnrin tó ń gún un, bí apá rẹ̀ méjèèjì ṣe ń lọ sókè láìbéèrè àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inú bí mi sí i. Kò ṣẹ̀ mí o, apá ló jowú apá. Mo wọ ọkọ̀ Dátósìn aláwọ̀ ewé kan, náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gba inú oko kòkó dé Emùré.

Màmá Délé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Kú àbọ̀ o. Ulé kete?" Ìyẹn ni pé ṣé dáadáa ni ilé wà.

"Dáadáa ni, mà. Mo ní kí n wá kí yín kú ilé tuntun."

Ó wo òrùlé, ó wò mí. "Òrùlé tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò lo ti Ìkẹ́rẹ́ wá kí mi kú rẹ̀?"

A sọ̀rọ̀ òjò. A sọ̀rọ̀ owó oṣù olùkọ́, tí òun náà ti ń rìn bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyàwó Délé gbé iyán wá, a jẹ ẹ́. Ta ni yóò wo ojú ìyá tó jù ú lọ, tí yóò ní, ẹ dákun, mo gbọ́ pé ọmú yín kan ti lọ? Mo ti ń wá bí mo ṣe máa dìde. Ó ń bá mi sọ ti owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tí wọ́n há mọ́ àárín ìpínlẹ̀ méjì, àfi bí ó ṣe na ọwọ́ sí àyà ọ̀tún, tó ń họ bùláòsì rẹ̀. Ó họ, ó họ, ojú rẹ̀ ò sí ńbẹ̀. Mo mọ híhọ yẹn. Ẹni tó ń họ ara rẹ̀ á dáwọ́ dúró tí ara bá ti gbọ́. Tirẹ̀ ò dáwọ́ dúró, nítorí kò sí ara tí yóò gbọ́.

Ẹnu mi ṣí. "Mà, ṣé ó ń gbọ́?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo ọwọ́ náà, ó wá wo àyà mi.

"Èwo ni tìrẹ?"

"Òsì, mà."

"Ọ̀tún ni tèmi. Á jẹ́ pé àwa méjèèjì pé ènìyàn kan."

Ẹ̀rín pa wá. Ẹ̀rín náà ta mí láyà, mo di ẹ̀gbẹ́ mú, òun náà di tirẹ̀ mú, ìyàwó Délé sì sáré jáde wá wò bóyá iyán ló há wa lọ́fun. Nígbà tó padà wọlé, màmá sọ fún mi pé ọkà bàbà ni òun kọ́kọ́ rán sínú aṣọ kí ó lè wúwo bí ìkejì. Kòkòrò bá a. Ọjọ́ kan ní ìsìn, wọ́n to lọ́wọ̀ọ̀wọ́ jáde sí i lọ́rùn. "Èmi rò pé yíyún mi àtijọ́ ni. Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi ló ń ṣa wọ́n."

Mo wá bi í ní ìbéèrè tí mo gbé wá.

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Délé wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n gé tèmi. Ó ti bímọ méjì báyìí, ó sì ń yún mi. Jíjó náà rọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́. Mo ti yan aṣọ tí wọn ó fi sin mí lọ́dún yẹn. Aṣọ náà ti gbó sí mi lọ́rùn."

Mo bú sẹ́kún. N kò lè ṣàlàyé rẹ̀ ju pé ilẹ̀ ibojì tí mo ti fi ojú wọ̀n fún ara mi, wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ mi.

Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Ó ní kí n máa fi aṣọ múlọ́múlọ́ ra ojú ibẹ̀ láràárọ̀ kí awọ lè mọ ìyàtọ̀ aṣọ sí ata, kí n máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀ kí apá lè nà sókè. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni dókítà. Kókó tuntun, ọwọ́ wíwú, ìrora tó yàtọ̀, wọ́n ní láti wò ó. Wàá lọ sí Ìbàdàn. Ọdọọdún lèmi ń lọ." Ó tún ní, "Kí ni ọkọ rẹ wí sí i?"

"N kò sọ fún un pé ó ń dùn mí, mà."

"Èmi náà ò sọ fún tèmi. Bí ó bá na ọwọ́ sí mi, mo ń yẹra, nítorí jíjó náà. Ó kú, ó rò pé mo kórìíra ọwọ́ òun ni."

Ọ̀nà àbọ̀ kò sàn ju ti àlọ lọ, owó rẹ̀ sì fi náírà márùn-ún lé sí i, nítorí pé ó ti di ọ̀sán. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀kọ́ ìrìn àjò mi, èyí ni: ẹ jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ má san owó ẹni méjì, ẹ sì lọ bi ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá kí ẹ tó ra aṣọ òkú.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí mo dé. Ọkọ mi wà ní yàrá, ó ń ṣàmì sí ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

"Báwo ni ulé tuntun?"

"Ó ń jò." Mo jókòó tì í. "Bàbá Ṣèyí, ó ń dùn mí. Láti ìgbà tí a ti ti Ìbàdàn dé ló ti ń dùn mí. Ẹ̀rù ló bà mí tí n kò fi sọ."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Mo ti rò pé o ò fẹ́ kí n fọwọ́ kàn ọ́ mọ́ ni." Ó yíjú sí mi. "Níbo?"

Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé abẹ́ apá mi, níbi tó ti kú. N kò mọ ọwọ́ náà lára rárá. Ojú ni mo fi rí i, mo sì dì í mú síbẹ̀.