Èjìká Taïrou, Ẹ̀bi Ṣàkírù

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ júdò, bí wọ́n ṣe ń ṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń kọ́ ọ. Nígbà tí Taïrou gbọ́ ọ lẹ́nu Maître François, olùkọ́ wọn, ẹ̀rín ló fi í rín. Ìṣubú kẹ̀? Ta ló ń sanwó lọ kọ́ ìṣubú? Màmúdù bàbá rẹ̀, tó ń ta abọ́ tánganran lọ́jà Adjamé, ti ja ìjàkadì ní Ìgbòho nígbà èwe rẹ̀ títí ó fi sú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Títí di ọdún 1975 yẹn, kò tíì yé fi yangàn pé kò sí ọmọ tí obìnrin bí tó fi ẹ̀yìn òun kan ilẹ̀ rí. Nínú ìjàkadì tiwa, kí ẹ̀yìn ti kan ilẹ̀, ó parí, ẹ̀sín dé. Abidjan ni wọ́n bí Taïrou sí lóòótọ́, Faransé ló fi kàwé, dáktílò sì ni, ó ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé ní bureau kan ní Plateau, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àti ilẹ̀ yìí ti wọ̀ ọ́ lára.

Nítorí náà, bí àwọn yòókù ṣe ń yí gbirigbiri lórí ẹní, tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀, òun fara ti ògiri, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ọmọ jòjòló. Ó dáa bẹ́ẹ̀! Ọjọ́ kan ni Émile, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ ọ, tí kò sanra tó ìdajì rẹ̀, di kimono tó wọ̀ mú, ó yí ìdí sí i, ó gbé e sókè. Ẹlòmíràn ì bá yí lọ jẹ́ẹ́. Taïrou, àfi bíi pé gbogbo Ìgbòho ló ń wò ó, ó na ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀ gan-an kí ẹ̀yìn má baà kàn án. Èjìká yẹ̀. Wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀ títí dé títì. Ẹ̀yìn náà sì kan ilẹ̀ ṣá!

Báwo ló ṣe fẹ́ délé sọ èyí? Bàbá rẹ̀ ti pariwo kiri ọjà pé ọmọ òun ń kọ́ ìjà àwọn ará Japan, pé ẹ̀yìn tòun náà kò ní kan ilẹ̀. Nígbà tí Màmúdù rí i tí wọ́n fi aṣọ so apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó fò dìde.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Gbaka ni, Bàbá. Mo ń sọ̀ kalẹ̀, ó gbéra."

"Gbaka ta ni?"

Orúkọ tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ló dárúkọ: "Ti ẹ̀gbọ́n Ṣàkírù."

Kí ni Ṣàkírù ṣe fún un? Kò ṣe nǹkan kan! Ará Ṣakí ni, ó ń wa gbaka, ọkọ̀ akérò, láti Anyama sí Adjamé, ó ń kí tọmọdé tàgbà. Màmúdù ránṣẹ́ pè é. Ẹlòmíràn ì bá béèrè pé ọjọ́ wo, ta ló rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n tọ́ ni Ṣàkírù. Bí ẹni tó tó bàbá ẹni bá ní a ṣẹ òun, àwíjàre kọ́ là ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, àyà là ń kọ́kọ́ fi lélẹ̀. Ó kó obì láti Anyama wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀bi mi ni. Ẹlẹ́bẹ̀ kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀."

Níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, ó gbójú sókè wo Taïrou. Taïrou ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ̀rọ̀, kò sọ. Ojú tì í, ojú náà kò sì tì í tó láti lanu.

Láti ìgbà náà, Ṣàkírù fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun ní Anyama. Bàbá náà á fi òrí àti aṣọ gbígbóná ra èjìká, á yí apá náà, Taïrou á ké. Ṣàkírù á di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú: "Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi." Ọlọ́run ń gbọ́, "má bínú" yẹn dùn ún ju èjìká lọ.

Ní gare Adjamé, níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, ọ̀rọ̀ ti di yẹ̀yẹ́ lẹ́nu àwọn awakọ̀ yòókù. "Ẹ má wọ tiẹ̀ o, ó ń yọ ọmọ ọlọ́mọ lápá!" Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ti jókòó gbọ́ ọ, ó gbẹ́rù rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Ṣàkírù ṣáná sọ́kọ̀. Taïrou tó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni mo pa mọ́ yín. Ibi júdò ni mo ti ṣubú."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Lọ́jọ́ tí o ní o já bọ́ yẹn, ọkọ̀ mi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ṣé kí n wá sọ lójú bàbá ẹ pé òpùrọ́ lọmọ wọn ni? Mo rò pé ìwọ fúnra ẹ máa sọ ọ́. Mo ń retí ẹ."

Taïrou sọ̀ kalẹ̀, ó gba ọjà lọ tààrà, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ láàárín abọ́. Ká ní bàbá náà bú u ni, ì bá sàn. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè.

"Ṣàkírù wá dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí irọ́?"

Ó wọ bàtà, ó dé fìlà, ó kọrí sí gare. Taïrou ń sáré tẹ̀ lé e. Lójú àwọn awakọ̀, lójú àwọn tó ń kiri ọjà, Màmúdù ṣí fìlà, ó sì ń tẹ̀ lọ sílẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀.

"Háà! Bàbá! Èèwọ̀!" Ṣàkírù fò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Taïrou ní kóun ṣáájú bàbá òun dọ̀bálẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ṣùgbọ́n èjìká ọ̀tún kọ̀, kò gbé e. Ó há sórí orúnkún kan àti ìgúnpá kan, kò dọ̀bálẹ̀, kò dìde. Kí Ṣàkírù tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àyà Màmúdù ti kan ilẹ̀ nínú epo ọkọ̀.

"Má bínú, Ṣàkírù," ni arúgbó náà wí. "Èmi ni mo tọ́ ọmọ yìí."