Òfin Tí A Kò Kà ní Kétu

Nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, fóònù tó wà lọ́wọ́ àwa mẹ̀kúnnù kò mọ̀ ju ká fi pe èèyàn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí ayé ṣe ń lọ ní láti wá sídìí àtẹ ìwé ìròyìn. Àwọn ọdún yẹn ni wọ́n ń fi owó kún epo bẹntiróòlù lemọ́lemọ́, tí ogun Ìráàkì sì wà lójú ìwé àkọ́kọ́ lójoojúmọ́. Àtẹ tèmi wà nídìí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Kétu. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí bóyá ìjà tí a jà nígbà náà tiẹ̀ so èso kankan, ìdí àtẹ yẹn ni n ó ti dá yín lóhùn.

Kì í ṣe ìwé ìròyìn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ayé mi. Akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni mo jẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ kan, kí ilé iṣẹ́ náà tó kógbá wọlé. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí níbẹ̀, Kọ́múrédì, ni mo gbé dé Kétu. Láàárọ̀, kí agogo méje tó lù, àwọn èèyàn á ti yí àtẹ mi ká: télọ̀, kọ̀ńdọ́, tíṣà tí kò tíì ríṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń dúró de ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ra nǹkan kan. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á ka àkọlé, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀. A ó gbé Amẹ́ríkà lọ sílé ẹjọ́, a ó yọ mínísítà nípò, a ó ṣàlàyé ohun tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ọ̀rọ̀ bá le, wọ́n á ní, "Ẹ bi Kọ́múrédì." N kì í sọ pé n kò mọ̀. Àìsàn tí mo bá ti ka orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ti di dókítà rẹ̀ nìyẹn. Ní ti òfin, ẹ má wulẹ̀ dá a sọ. Mo ti jókòó níwájú ìgbìmọ̀ onílàjà rí nígbà tí mo wà nínú ẹgbẹ́, ìyẹn sì ti tó fún mi láti máa ṣe bí adájọ́.

Ẹnì kan wà tó máa ń ra ìwé tirẹ̀ lójoojúmọ́ tí kì í sì í bá wa jiyàn. Mátírọ̀n ni gbogbo wa ń pè é, torí ipò tó wà nìyẹn lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì. Inú ẹ́sítéètì kan tó ní géètì lápá Ìkòsì ló ń gbé. Ẹsẹ̀ ló máa ń fi rìn wá láràárọ̀, pẹ̀lú bàtà káńfáàsì funfun. Á sanwó, á ká ìwé rẹ̀ sí abíyá, á sì ju gbólóhùn kan sílẹ̀ kó tó pẹ̀yìn dà. Gbólóhùn yẹn ni mo máa ń bẹ̀rù.

"Kọ́múrédì," ló wí lọ́jọ́ kan tí a ti jiyàn lórí Ìráàkì títí ọ̀nà ọ̀fun wa fi gbẹ, "ẹ mọ orúkọ gbogbo ìlú tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí. Ẹ kú iṣẹ́. Health centre tó wà lẹ́yìn yín yìí, ọjọ́ wo ni wọ́n ń fún ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára níbẹ̀?"

Làsísì nìkan ló rẹ́rìn-ín. Fọ́kánáísà ni, ẹ̀gbẹ́ àtẹ mi ló ti ń lẹ táyà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ga, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Tuesday ni, ma," ló dáhùn. Ó ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n tún fowó kún epo, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kéde pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè dáṣẹ́ sílẹ̀. Inú mi dùn dé góńgó. Ó pẹ́ tí mo ti ń retí ọjọ́ tí ẹnu tí a ń fi jiyàn yóò di ẹsẹ̀ tí a ó fi rìn. Ní ọjọ́ kẹta ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà, a mú ewé lọ́wọ́, a fẹsẹ̀ rìn láti Kétu dé Ọjọ́ta, a sì ń bọ̀ padà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ títì Ìkòròdú lónìí kò lè fojú inú rí i bó ṣe ṣófo lọ́jọ́ náà. Àwọn obìnrin gbé kẹ́ẹ̀gì omi wá láti Máìlì Tuélìfù sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n ń bu fún ẹni tí wọ́n mọ̀ àti ẹni tí wọn kò mọ̀. Àwọn tó ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ nídìí àtẹ mi jáde pátá, kódà tíṣà tí mo rò pé ẹnu lásán ló ní. Làsísì ló ru páálí ńlá tí mo kọ ọ̀rọ̀ sí. Mo fẹ́ràn àwọn èèyàn yẹn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí afárá padà nígbà tí ìbọn dún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni. N kò rí ẹni tó yìn ín, àwọn tó láwọn rí i kò sì fẹnu kò. Nígbà tí a gbórí sókè níbi tí a dojú bolẹ̀ sí, Làsísì wà lórí páálí náà, ẹ̀jẹ̀ sì ń tú jáde ní ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, nísàlẹ̀ orúnkún.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan wà ní òpópónà kejì. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún láti rìn débẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì ti gbé Làsísì lé ọmọlanke, wọ́n ti kọrí síbẹ̀, nígbà tí ọ̀kan nínú wọn dúró tó wẹ̀yìn.

"Kọ́múrédì, ṣé wọ́n á gbà á?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo dáhùn bí mo ṣe máa ń dáhùn.

"Wọn ò ní gbà á. Ìbọn ló bà á. Òfin ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gba police report. Ẹ gbé e lọ sí téṣàn ná."

Ohùn mi kò gbọ̀n rárá. Wọ́n yí ọmọlanke padà.

Téṣàn kún fún àwọn tí wọ́n kó lójú títì. Ọlọ́pàá tó wà nídìí káńtà ní ẹni tó ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sí nítòsí, ká ní sùúrù. A ní sùúrù. Oòrùn ọ̀sán mú wa níbẹ̀. Mo ń fi páálí fẹ́ Làsísì, mo ń sọ fún un pé kó mọ́kàn le, kò sì dá mi lóhùn. Aṣọ tí a fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rin gbingbin fún ẹ̀jẹ̀.

Ẹnì kan ló lọ sọ fún Mátírọ̀n nílé. Ó dé pẹ̀lú bàtà káńfáàsì rẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tú ìborí rẹ̀, ó fi di itan Làsísì pinpin, ó gbọ́wọ́ lé ọrùn rẹ̀ láti mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Lẹ́yìn náà ló tó wò wá.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé e wá síbí?"

Kò sẹ́ni tó nàka sí mi. Èmi náà kò la ẹnu mi.

"Òfin ni, ma," ni tíṣà wí.

"Òfin wo?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó di ọ̀pá ọmọlanke náà mú fúnra rẹ̀, obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, a sì sáré tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn tí a ti yí ẹ̀yìn sí láàárọ̀.

Lẹ́nu géètì, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi wá ni, "Police report dà?" Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Mo rí i pé ohun tí mo sọ tọ̀nà. Mo wà níbẹ̀ tí mò ń wá ìtùnú fún ara mi nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀ lára ọmọlanke.

Dókítà kan jáde wá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti rẹ̀. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó ní, "Mummy, ẹ má bínú. Wọ́n ti mú ọ̀gá wa rí nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Tó bá jẹ́ olè ńkọ́?"

"Fọ́kánáísà ni," Mátírọ̀n wí. "Ká tiẹ̀ ní olè ni, ilé ẹjọ́ ló máa dá a lẹ́bi, kì í ṣe ẹnu géètì yín. Dókítà, òfin ní kẹ́ ẹ fi tó ọlọ́pàá létí tẹ́ ẹ bá gba ẹni tí ìbọn bà. Ẹ fi tó wọn létí. Tẹlifóònù ń bẹ lórí tábìlì yẹn. Kò sí ibi tó ti ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó kú ná."

"Tí wọ́n bá wá mú wa?"

"Ẹ gbé ìwé tẹ́ ẹ ń kọ orúkọ aláìsàn sí wá."

Wọ́n gbé e wá. Mátírọ̀n kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà ilé rẹ̀, ó fọwọ́ sí i. "Tí wọ́n bá dé, ẹ júwe ilé mi fún wọn." Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí kọnkéré, láàárín géètì gan-an, géètì náà kò sì lè pa dé mọ́. Tíṣà jókòó tì í. Àwa yòókù jókòó. Ó ku díẹ̀ ká pé ogójì níbẹ̀, kò sẹ́ni tó pariwo. Dókítà wò wá, ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé ọkùnrin náà wọlé.

Làsísì kò kú. Àmọ́ wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Dókítà yẹn sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ fún wákàtí tó pọ̀ jù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Mátírọ̀n mú ẹ̀dà òfin náà wá sídìí àtẹ mi. Ọ̀dọ̀ lọ́yà kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló ti gbà á. Ó ní kí n kà á sókè, kí n sì máa fi Yorùbá sọ ọ́ fún àwọn tó wà níbẹ̀. Mo kà á. Ilé ìwòsàn tó ti gba aláìsàn, tó ti tọ́jú rẹ̀, ni òfin náà ń bá wí pé kó tètè fi tó ọlọ́pàá létí. Ìtọ́jú ti wà níbẹ̀ kí ọlọ́pàá tó dé ọ̀rọ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ń dájọ́ lórí àtẹ yẹn, n kò kà á rí. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo Mátírọ̀n. Ṣé ó mọ̀ pé èmi ni mo ní ká gbé e lọ sí téṣàn? N kò lè sọ. Kò bi mí títí tó fi lọ.

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wa káàkiri. Ilé ìwòsàn Kétu, ti Ìkòsì, ti Máìlì Tuélìfù, títí dé Owódé Onírin àti Ajégúnlẹ̀ tí omi ti ń bo ilé, ó kan ìlẹ̀kùn gbogbo wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ géètì pé àwọn á kọ́kọ́ tọ́jú èèyàn ná. Àwọn kan lé wa. Ọ̀kan ní ká wá lọ́jọ́ mìíràn ní ìgbà mẹ́rin, Mátírọ̀n sì lọ ní ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nídìí àtẹ mi, mo kọ òfin náà ní Yorùbá gàdàgbà sórí pátákó, a sì fi àṣà kan lélẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ kàwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ yóò kọ́kọ́ ka pátákó náà sókè. Nígbà tí Làsísì jáde tòun ti ọ̀pá abẹ́ abíyá rẹ̀, òun ló sọ ara rẹ̀ di alábòójútó àṣà yẹn. Kò sí ọ̀gá kan tó ń jẹ́ kó kọjá láìkà á.

Kí la wá rí gbà? Wọ́n yọ díẹ̀ kúrò lára owó epo, wọ́n sì tún dá a padà lẹ́yìn náà. Ilé ìwòsàn tí a jókòó sẹ́nu géètì rẹ̀ lẹ ìwé náà, àwọn méjì mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ kò dá wa lóhùn. Lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, òfin tuntun jáde tó sọ ọ́ láìfi bò pé kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o. Mátírọ̀n ti sùn nínú Olúwa nígbà náà. Mo fi ojú ìwé tí ìròyìn yẹn wà ṣọwọ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀, títí di òní, mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu géètì: "Police report dà?" Iṣẹ́ tiyín ló kù níbẹ̀.

Ọ̀kan kù tó jẹ́ tèmi. Kí n tó kọ èyí, mo lọ bá Làsísì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀ síwájú, ó ń lẹ táyà. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ ìtàn ọjọ́ náà sílẹ̀, pé èmi ni mo ní kí wọ́n yí ọmọlanke padà. Mo ní ká ní n kò la ẹnu mi ni, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá ṣì wà.

Kò gbójú sókè. "Kọ́múrédì, ẹsẹ̀ mi ni ọta bà, kò ba etí mi. Mo gbọ́ yín."

Mo bi í pé kí ló wá ń ṣe nídìí àtẹ mi láràárọ̀ láti gbogbo ọdún yìí wá.

"Mo fẹ́ràn kí n máa gbọ́ tí wọ́n bá ń kà á." Ó ki táyà bọ inú omi, ó ń wo ibi tí atẹ́gùn ti ń yọ. "Tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ kọ tèmi náà mọ́ ọn. Ẹnu mi ò kú lórí ọmọlanke yẹn. Mo lè sọ pé kí wọ́n máa gbé mi lọ sí ọsibítù. Mi ò sọ ọ́. Èmi náà rò pé òfin ni."

Mo ṣèlérí fún un pé n ó kọ ọ́. Mo ti kọ ọ́ báyìí.