Wọn Ò Jẹ́ Kó Fọwọ́ Kan Bíbélì Bàbá Rẹ̀

Olówó kan já mi kulẹ̀ ní àdúgbò Arakale lónìí!

Ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi awọ ẹran ṣe èèpo rẹ̀, tí èèyàn ńlá ti lò rí, ló ń kó jọ. Mo lọ kí i, ni tíṣà obìnrin kan bá wọlé láti Oǹdó. Ebi ló ti mú kó ta Bíbélì bàbá rẹ̀, àlùfáà àgbà, fún olówó yìí tẹ́lẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n wo ibi tí bàbá mi kọ orúkọ mi sí nígbà tí wọ́n bí mi."

"Rárá o. Ọwọ́ yín á ba awọ rẹ̀ jẹ́."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ti kà á?"

"Kí n kà á kẹ̀? Awọ ni mo rà!"

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó kó àwọn ìwé náà sí, mo gbé Bíbélì náà lé obìnrin náà lọ́wọ́. Ó rí orúkọ rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ẹ wá wo olówó wa tó ń fi ańkáṣíìfù nu omijé kúrò lára awọ!

Ẹ̀yin ará, èèyàn rèé?