Ibi Tí Mo Gbé Fọ́tò Bàbá Ọmọ Mi Kọ́

Nígbà tí ọkọ mi padà sí Abidjan, ọmọbìnrin wa kò tíì lè jókòó. Nígbà tó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá bá wa ṣe Iléyá, ọmọ yẹn ti ń lé ewúrẹ́ kiri àgbàlá. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n àyà mi ń já díẹ̀. Ọkọ aládùúgbò wa kan ti ti ọ̀hún dé ṣáájú. Bó ṣe na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀, ṣe ni ọmọ náà figbe ta, ó sá wọ abẹ́ bẹ́ńṣì. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe rí. N kò fẹ́ kí ojú ọkọ tèmi rí bẹ́ẹ̀.

Fọ́tò méjì ló fi ránṣẹ́. Nínú èyí tó tóbi, ó wọ kóòtù, ó pa ẹnu dé bí adájọ́. Nínú èyí kékeré, láti àyà sókè, ẹ̀rín ló ń rín, èjí rẹ̀ sì hàn gbangba. Kí n má purọ́, èjí yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí n tó fẹ́ ọkùnrin tó ni ín.

Mo kó méjèèjì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe férémù lẹ́bàá ọjà. Ó ní kí n mú férémù aláwọ̀ góòlù fún èyí kékeré. Mo wò ó, ó ń dán jù, ojú èèyàn kò ní dé ara fọ́tò. Igi lásán tí wọ́n kùn bí ilẹ̀kùn yàrá wa ni mo mú, mo sì ní kó fi páálí funfun yí fọ́tò náà ká kí ojú rẹ̀ lè yọ dáadáa.

Ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn tí wọ́n ti bí mi àti ní Èjìgbò tí mo ti lọ́kọ, òkè lọ́hùn-ún, nítòsí àjà, ni wọ́n ń gbé fọ́tò kọ́. Ibẹ̀ ni fọ́tò bàbá ọkọ mi tó ti kú wà. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kì í wo òkè. Mo mú òòlù, mo kan fọ́tò kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yàrá, níbi tí imú ọmọ náà mọ.

Ìyá ọkọ mi wọlé, wọ́n dúró.

"Ìyàwó, kí lèyí? Ṣé o fẹ́ kí adìẹ máa kí ọmọ mi ni?"

"Ẹ má bínú, ìyá. Ọmọ ni mo fẹ́ kó máa rí i."

"Ṣé báyìí ni wọ́n ń ṣe baálé ilé? Gbé e sókè!"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Èyí tó wọ kóòtù, ibi tí ẹ bá fẹ́ la máa gbé e kọ́. Ẹ fi eléyìí sílẹ̀ fún mi."

Wọ́n pòṣé, ṣùgbọ́n wọ́n na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò ọkọ wọn. "Gbé e kọ́ síbẹ̀ yẹn. Jẹ́ kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kó lè máa wò wá."

Láràárọ̀, ọmọ mi á kúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn: "Ẹ káàárọ̀, Pàpá." Bí mo bá sì ti fún un ní ògì, ó di kó gbé ṣíbí lọ sí ẹnu bàbá rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń nu ògì lára gíláàsì. Ìyá ọkọ mi náà kò bínú mọ́. "Bù ú kún dáadáa, ìyá mi," ni wọ́n máa ń wí fún un, "ó ti rù."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkọ mi dé. Irùngbọ̀n ti bo àgbọ̀n rẹ̀! Kò sí irùngbọ̀n nínú fọ́tò. Ó lóṣòó, ó na ọwọ́ sí ọmọ, ó fi èdè Faransé kí i: "Sà fá, ìyá mi?"

Ọmọ di ìró mi mú. Ọkọ mi gbójú sókè wò mí, mo sì rí i tí ojú tí mò ń bẹ̀rù yẹn ń bọ̀.

"Ìwọ náà, rẹ́rìn-ín fún un!" ni ìyá rẹ̀ wí. "O lejú koko bí ọlọ́pàá."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èjí yọ.

Ọmọ mi fi ìró mi sílẹ̀. Ó sáré lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó wo fọ́tò, ó padà wá, ó fi ọwọ́ kan orúnkún bàbá rẹ̀. Ó kígbe pé:

"Pàpá lẹ́sẹ̀!"

"Ìgbà wo ni n kò lẹ́sẹ̀ rí?" ni ọkọ mi ń bi wá. Ìyá rẹ̀ ti rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, n kò rí ògì kankan nù lára gíláàsì. Irùngbọ̀n ni mò ń nù.