Wàrà Ọ́fíìsì Wẹ́fíà

Òórùn wàrà díndín ní ọjà Ìpàta ṣì máa ń bí mi nínú.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi pe bàbá mi lẹ́jọ́ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ìpínlẹ̀ pé kì í gbọ́ bùkátà mi. Bàbá wọlé, tùràrí ń ta sánsán lára rẹ̀, ó kó wàrà gbígbóná lé mi lọ́wọ́. Ebi ń pa mí. Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ọwọ́.

Ìyá mi ní, "Ẹ bá mi gé owó oúnjẹ nínú owó oṣù rẹ̀."

"Ìyá Àmínátù, ìjọba àpapọ̀ ló gbà á síṣẹ́. Àbújá lowó rẹ̀ ti ń wá, ọwọ́ tiwa ò tó ibẹ̀," ni ọ̀gá wẹ́fíà wí. "Ẹ tiẹ̀ wo ọmọ, ṣebí bàbá ẹ̀ ló ń bọ́ ọ yìí?"

Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé bàbá ń bọ́ mi, ó fi òǹtẹ̀ lù ú.

Oúnjẹ kan ṣoṣo tí bàbá mi fún mi títí mo fi dàgbà nìyẹn, èmi náà sì ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí fún un.