Àwọn Ojú Ìwé Tí N Kò Ṣí

Òórùn obì tí a rẹ sómi kì í tán nínú ilé wa ní Ìlá nígbà náà. Ó máa ń kan díẹ̀, bí omi ògì ọjọ́ kẹta, ó sì máa ń bá aṣọ wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó mi ló ń ra obì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ apá Ọ̀rà. Òun àti àwọn obìnrin mẹ́rin kan á jókòó yí abọ́ omi ńlá ká ní ẹ̀yìnkùlé, wọn á máa bó o, ìyàwó mi á sì máa kọrin. Orin Ìgbómìnà ni, díẹ̀ láti ẹnu ìyá rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù láti inú òun fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ó rẹlẹ̀, ó sì nípọn, àwọn tó ń kọjá lójú títì á dúró bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpò.

Tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Mo ti dàgbà díẹ̀ kí wọ́n tó mú mi lọ sílé ìwé, bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ìwé tí mo mọ̀ yangàn ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi ni mò ń ka lẹ́tà fún gbogbo àdúgbò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn ọdún ìlú, ìbátan wa kan tó ń gbé Ìbàdàn mú agbórinjáde kan, ẹni tó ń gba orin sílẹ̀ tà, wá sílé wa. Ọkùnrin náà gbọ́ ìyàwó mi, ó ní kí ó tún orin kan kọ, lẹ́yìn náà ó yọ ìwé kan jáde, ojú ìwé mẹ́rin, gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Ó nà án sí mi.

“Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ bá wa túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá.”

Mo ka ojú ìwé àkọ́kọ́. Gbólóhùn kan níbẹ̀ gùn tó ìlà mẹ́sàn-án, n kò sì mọ ibi tó ń lọ. Ó yẹ kí n sọ pé kò yé mi, kí n mú un lọ sọ́dọ̀ lọ́yà ní Òṣogbo. Ṣùgbọ́n àlejò jókòó síbẹ̀, àwọn obìnrin olóbì sì ń wo ẹnu mi. Tíṣà wo ni yóò sọ pé gẹ̀ẹ́sì kò yé òun? Agbórinjáde ní kò le rárá: yóò kọrin, àwọn ó gbà á sórí káséẹ̀tì, àwọn ó tà á, àwọn ó fún un ní tirẹ̀. Ohun tó sọ ni mo tún sọ fún ìyàwó mi, bí ẹni pé inú ìwé ni mo ti rí i.

“Ṣé ẹ ti kà á tán?” ni ìyàwó mi bi mí.

“Mo ti kà á.”

Ó tẹ̀ka. Nísàlẹ̀ ìwé náà, ìlà kan wà tó ní a ti ka gbogbo rẹ̀ fún un ní Yorùbá, ó sì ti yé e. Mo kọ orúkọ mi síbẹ̀, mo fọwọ́ sí i pé èmi ni mo kà á. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní, “Tó o bá dé Ìbàdàn, má jẹ́ kí òórùn obì yìí tẹ̀lé ọ o, wọn á lé ọ padà.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Káséẹ̀tì náà jáde. Fún nǹkan bí ọdún kan, bí mo bá wọ tákísì láti Ìlá lọ sí Ọ̀tan Ayégbajú, àfi kí n gbọ́ ohùn ìyàwó mi nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà agbórinjáde rí ọmọge kan tó ń kọrin tó sì ń jó, kò pe ìyàwó mi mọ́. Nígbà tí ẹlòmíràn wá láti Ìlọrin pé òun fẹ́ gba àwọn orin rẹ̀ tuntun, lẹ́tà lọ́yà agbórinjáde dé bá wa. Ó ní kò gbọdọ̀ kọrin sórí káséẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni fún ọdún mẹ́wàá, àti pé gbogbo orin tó bá kọ láàárín ìgbà náà, tiwọn ni. Ojú ìwé kẹta ìwé tó tẹ̀ka sí ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Mo ka lẹ́tà náà fún un, gbogbo rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

“Mo rí i lọ́jọ́ yẹn pé ojú ìwé kan ṣoṣo lẹ ṣí,” ó ní. “Mo rò pé bí àwọn tíṣà ṣe ń kàwé nìyẹn.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìbínú ìbá sàn fún mi. Láti ìgbà náà, kò kọrin nídìí obì mọ́. Nígbà tí àwọn obìnrin bi í, ó ní òun ò ní kọ orin tuntun fún ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ọ.

Ọdún yẹn ni mo gba fọ́ọ̀mù yunifásítì. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa kí n tó jókòó sí kíláàsì òfin, Bàbá ni àwọn akẹgbẹ́ mi ń pè mí. Ẹni tó fẹ́ ṣe ẹjọ́ epo rọ̀bì wà láàárín wọn, ẹni tó fẹ́ ṣe ti báńkì wà, ẹni tó fẹ́ ṣe ti ilẹ̀ pọ̀ jù. Mo sọ pé ti àwọn olórin àti òṣèré ni èmi fẹ́ ṣe. Ọ̀kan ní, “Bàbá, àwọn olórin kì í sanwó fún lọ́yà. Wọ́n á kàn fi orúkọ yín kọrin ni.” Wọn kò mọ̀ pé oníbàárà kan ṣoṣo ni mo wá kàwé nítorí rẹ̀.

Ní ọdún kẹta, mo mú ìwé agbórinjáde náà lọ bá olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní òfin tó ń dáàbò bo orin àti ìwé. Obìnrin ni, bóyá ọjọ́ orí kan náà ni wá. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó rí orúkọ mi.

“Ṣé ẹ kà á fún un tán?”

“Rárá, mà.”

“Ṣé ẹ lè búra bẹ́ẹ̀ ní kóòtù?”

Mo béèrè ohun tí ìyẹn yóò ṣe. Ó ní bí mo bá búra, ó ṣeé ṣe kí kóòtù fagi lé ìwé náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pe ènìyàn sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò lè bi mí léèrè ìdí tí mo fi fọwọ́ sí irọ́. Òun ò lè sọ ohun tí wọn yóò ṣe. Ọwọ́ mi ló kù sí.

Mo padà sí Ìlá lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyàwó mi ń da omi obì nù.

“Kí ni olùkọ́ yín wí?”

“Ó ní ká ní sùúrù.”

“Ó dáa. Ẹ parí ìwé yín ná.”

Mo sọ fún ara mi pé bí wọ́n bá ti pè mí sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò tán, ìbúra náà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí n ó ṣe. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ sọ ọdún méjì tó kù di mẹ́ta àti ààbọ̀. Mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn amòfin ní Èkó nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá ìyàwó mi dùbúlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò kó tó kú. Ó ku oṣù mẹ́rin kí wọ́n pè mí.

Mo ṣe ìbúra náà lẹ́yìn tí wọ́n pè mí, nítorí ọmọbìnrin wa, kí orin ìyá rẹ̀ lè di tirẹ̀. Mo kọ lẹ́tà kan sí agbórinjáde, mo so ìwé ìbúra mọ́ ọn. Kò pé oṣù kan tí lọ́yà rẹ̀ fi dáhùn pé àwọn ti jọ̀wọ́ àwọn orin náà. Wọn kò bá mi jà rárá. Ẹnikẹ́ni kò sì bi mí ní nǹkan kan nídìí iṣẹ́ agbẹjọ́rò, títí di òní. Ohun tí mo fi ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ bẹ̀rù, lẹ́tà kan péré ni.

Mẹ́jọ ni orin tó wà lórí káséẹ̀tì náà. Mo bi àwọn obìnrin olóbì nípa àwọn orin tó kù. Ègbè nìkan ni wọ́n rántí.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ àwọn olórin àti òṣèré ni mò ń ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin máa ń wá bi mí báyìí bí ènìyàn ṣe ń wọ ọ̀nà náà, ìwé tí wọn yóò kà àti ọ́fíìsì tí wọn yóò ti kọ́ṣẹ́. Mo máa ń dáhùn. Lẹ́yìn náà mo máa ń sọ fún wọn pé ilẹ̀ lè dúró de ìdájọ́ fún ogún ọdún, ibi tí ẹ fi í sí lẹ ó bá a, ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn kò lè dúró. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn kì í béèrè bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, èmi náà kì í sọ.