Òpó Bọ́ọ̀lù Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Àwọn tó wá kí mi kú ọ̀fọ̀ ọkọ mi, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, pé èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ ohun tí ojú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ náà rí nínú ilé tí a gbé ní Benin, lẹ́bàá Siluko Road. Mo mọ orúkọ gbogbo ará ilé náà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ orúkọ ìyá tó bí wọn. N kò ní kọ ìkankan síbí. Ó ń rí mi lára.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni a bí. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ. Bí o bá fi Yorùbá pè é, Pidgin ni yóò fi dá ọ lóhùn, ó kàn máa ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ ni. Bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n ló fẹ́ràn, èyí tí wọ́n ń pè ní basikẹ́tì. Pápá kan wà lójú ọ̀nà tó ń gbà bọ̀ láti ilé ìwé, ibẹ̀ ló ti ń gbá a. Àwọn ọkùnrin kan a máa jókòó sórí ògiri pápá náà, wọ́n á máa fa igbó, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ sí itan ọmọ ọlọ́mọ. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn sọ̀ kalẹ̀, ó já a ní èékánná ní ìdí, àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà wálé, ó ti bàtà rẹ̀ bọ ìsàlẹ̀ àpótí. "Mummy, I no go that field again."

Ẹ̀bà ni bàbá rẹ̀ ń jẹ. Kò jẹ ẹ́ tán tó fi ṣanwọ́.

"Ilé ni yóò ti máa gbá a," ó ní.

"Ilé wo?"

"Ilé yìí."

Mo rẹ́rìn-ín. Yàrá méjì la ní nínú àgbàlá tí ìdílé mẹ́fà ń gbé, awakọ̀ báǹkì ni ọkọ mi, èmi ń ta gàrí àti ẹ̀wà ní ọjà Ekiosa. Ṣùgbọ́n bó ti wí náà ló ṣe. A kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan eré ìdárayá. Ọmọkùnrin tó ń tajà wo aṣọ awakọ̀ tí ọkọ mi wọ̀, ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Òpó àti òrùka tí bọ́ọ̀lù ń gbà wọlé la bèèrè, fèrè rẹfirí ló nà sí wa. "Oga, na this one your money reach." Mo fẹ́ fèsì. Ọkọ mi ní, "Ìyá ọmọ, jẹ́ ká máa lọ."

A wá ń ṣà á jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Jórinjórin kan ní Siluko Road ló rọ òrùka. Èyí tó kọ́kọ́ rọ, bọ́ọ̀lù há sí i lẹ́nu bí ìdérí ìkòkò. "No be make e enter?" ló ń bi wá, ó ń pòṣé. Ọmọ wa ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹnu òrùka ní láti fẹ̀ débi pé bọ́ọ̀lù méjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gba ibẹ̀ pọ̀. Ó tún un rọ pẹ̀lú ìkanra. Ní àdúgbò Aduwawa la ti rí páìpù, láàárín irin àlòkù. Páìpù kànga ẹ̀rọ ni, ó ti dípẹtà lára ṣùgbọ́n inú rẹ̀ le. Ọkọ mi yan èyí tó gùn ju bí òrùka ṣe máa ga sílẹ̀ lọ dáadáa, ó ní ilẹ̀ náà yóò jẹ tirẹ̀ níbẹ̀. Káfíńtà fẹ́ ta pátákó àjà fún wa pé ká fi ṣe ẹ̀yìn òrùka. Ọkọ mi fi èékánná ha á, ó ya bí bébà. "Òjò ẹ̀ẹ̀kan, ó di ẹ̀kọ nìyẹn," ló wí. Pákó tó nípọn la rà, ó fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù nílé ọ̀gá rẹ̀ kùn ún. Àwọ̀n rẹ̀, èmi ni mo hun ún, okùn tí a fi ń rán ẹnu àpò gàrí ni.

Ó wá ku ibi tí a máa rì í sí. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ nìkan ló ṣófo nínú àgbàlá náà. Ìdí tó fi ṣófo kò ṣòroó mọ̀. Ibẹ̀ ni omi ìwẹ̀ ìdílé mẹ́fà ń ṣàn gbà: irun orí, ọṣẹ, egungun ẹja, àti ohun tí obìnrin tó ní ìtìjú kì í jù síta.

Ẹni tó ń gba owó ilé lọ́wọ́ wa ni bàbá arúgbó kan, àbúrò onílé. Onílé fúnra rẹ̀ ti kú. Orí bẹ́ǹṣì iwájú ilé ló máa ń jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, yóò máa tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú agolo mílíìkì. Ọkọ mi ra obì, ó ra ìgò jíìnì kan, ó lọ kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ó tọrọ àyè lọ́dọ̀ rẹ̀. Bàbá náà gbàdúrà lórí obì, ó ta jíìnì díẹ̀ sílẹ̀, ó da èyí tó pọ̀ sọ́fun, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "My son, put am. Na your house."

Ọjọ́ Sátidé ni ọkọ mi gbẹ́ ilẹ̀. Bí ọkọ́ ṣe wọlẹ̀ díẹ̀ báyìí ni omi dúdú rú jáde. Òórùn rẹ̀! Ó ń fi korobá gbọ́n ọn, ó ń gbẹ́ ẹ, ekòló ń gun ojúgun rẹ̀. Mo gbé omi mímu lọ fún un, mo sì bì kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó la gọ́tà kékeré tí omi ìwẹ̀ á máa gbà lọ, ó da òkúta àti sìmẹ́ńtì sínú ihò, ó fi igi gbá òpó náà mú títí sìmẹ́ńtì fi gan, ó wá kó yẹ̀pẹ̀ pupa bo gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí ọmọ wa ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, tó sì wọlé, bàbá rẹ̀ jókòó sórí korobá.

Àwọn ará ilé ò jẹ́ kó gbádùn. Wọ́n ń sá pátá sórí òrùka. Ẹnì kan so pańla rọ̀ síbẹ̀, eṣinṣin bò ó. Ọmọ wa á ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, á sì gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Àfìgbà tí àkọ́bí onílé dé láti Port Harcourt, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọkọ mi lè bí. Ó yí ilé po, ó bá òpó.

"Who plant this iron for my papa house?"

Ibi tí a ti ṣìṣe nìyí. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó dàgbà jù nínú ilé lèèyàn ń lọ bá. Bí bàbá bá kú, ọ̀rọ̀ dọwọ́ ẹbí. Ṣùgbọ́n ní Benin, ilé tí bàbá gbé tó sì kú sí, ti àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ni, kódà bí àbúrò bàbá bá hu ewú títí dé ìpéǹpéjú. Ọmọdé Benin mọ̀ ọ́n. Àwa tí a ti pẹ́ níbẹ̀, tí a ń jẹ iṣu wọn, orí ewú là ń wò.

Ọkọ mi kọjú sí arúgbó náà. "Papa, abeg, tell am."

Gbogbo àgbàlá ti jáde. Arúgbó náà wo inú agolo rẹ̀. "Me? I no know anything. I just wake up, I see iron." Ìgò jíìnì náà wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì rẹ̀, kẹrosíìnì ló wà nínú rẹ̀.

Ọmọ onílé ní kí wọ́n hú òpó náà kí òun tó lọ. Ni ọkọ mi bá dọ̀bálẹ̀. Gbalaja, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, nínú ẹrẹ̀ ẹ̀bá gọ́tà, fún ọmọ àná. Ọmọ náà fò sẹ́yìn. "Oga, get up! You wan curse me?" Ojú tì í. Ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀, kí a ṣáà máa fi ìgbálẹ̀ gbá ibẹ̀. Àwọn ará ilé ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ọmọ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Daddy, because of ball?" Ó wọlé. "I no dey play again. Make dem hang their fish."

Inú bí mi sí ọkọ mi gan-an. "Kí lo wá dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n hú u ni? Kí ó padà sí pápá yẹn?"

"Kò ní gbá a mọ́, ó ti wí bẹ́ẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọkọ mi bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó gbé bọ́ọ̀lù lọ sẹ́yìn balùwẹ̀. Ó ń jù ú bí ẹni ń ju àpò gàrí sínú lọ́rí. Bọ́ọ̀lù kọ lu pátákó, ó bọ́ sí gọ́tà. Ó fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ó tún jù ú.

"Driver, reverse!" ni wọ́n ń pariwo. "Driver, you don miss road!"

Òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó kó mi nírìíra. Mo ní kó wọlé, ó ní, "Bó bá dá dúró báyìí, wọn á ní a ò lò ó, wọn á hú u." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ní ìrọ̀lẹ́ tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ kan, mo ń gbé omi ìdọ̀tí jáde nígbà tí ọmọ wa kọjá lára mi lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ó dúró ti bàbá rẹ̀, ó káwọ́ sàyà.

"Daddy, no be so. Bend your knee."

Bàbá rẹ̀ tẹ orúnkún, ó dún kó. "Báyìí?"

"Your elbow dey face Auchi."

Ọmọ wa gba bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú, ó gba inú àwọ̀n mi kọjá láìkan irin. Bàbá rẹ̀ pariwo bí ọmọdé.

Arúgbó náà ń pàtẹ́wọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti gbé bẹ́ǹṣì wá sẹ́yìn ilé láti wòran. "My daughter! Na me give una that place o! Na me!" Itọ́ ń ta láti ẹnu rẹ̀.

Mo wo omi ìdọ̀tí tó wà lọ́wọ́ mi, mo wo orí rẹ̀. Ọkọ mi rí mi. "Ìyá ọmọ, jọ̀ọ́."

Mo dà á sí gọ́tà. Mo sì gba iwájú àgbàlagbà náà kọjá padà sínú ilé, èmi ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ nílé, n kò kúnlẹ̀, n kò sì kí i. Títí arúgbó náà fi kú, n kò kí i mọ́.